Irin Ìdí Kọ́bọ́ọ̀dù

Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Géèmù, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ rẹ̀ gangan pè é ní títì, ó lè máà yíjú. Kì í ṣe pé ó ń gbá géèmù o. Kò sí ẹni tó rí i kó gbá a rí. Títún un ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé géèmù ńlá tó wà lẹ́bàá ilé sinimá ṣì ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tò síwájú àwọn ẹ̀rọ gogoro tí wọ́n ń ki owó wẹ́wẹ́ sí lẹ́nu, òun ni wọ́n máa ń sáré pè bí ọ̀pá ìdarí kan bá dákú tàbí bí bọ́tìnì bá wọlé tó kọ̀ tí kò jáde mọ́. Nígbà tó yá, géèmù kó sínú fóònù, olúkúlùkù ń gbá tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ilé géèmù sì kógbá sílé. Ẹni tó ni ín ní kí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ náà dànù. Bàbá Géèmù ní kí wọ́n má kó nǹkan kan dànù. Ó yá ọmọlańke, ó sì kó gbogbo wọn wá sílé.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. "Ṣé inú ilé la ó máa sùn ni, àbí inú géèmù?"

Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tìtorí rẹ̀ kó wọn padà. Pákó ara àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn nípọn, ó gbẹ, kòkòrò ò sì ráàyè wọ̀ ọ́. Ó tú tẹlifíṣọ̀n inú wọn kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Gíláàsì iwájú wọn di ojú tábìlì. Ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà kó owó jáde di ilẹ̀kùn àpótí oògùn. Àwọn bọ́tìnì di ibi tí wọ́n ń gbé fìlà kọ́, ọ̀pá ìdarí tó ní orí rógódó pupa sì di ohun tí wọ́n fi ń fa dúrọ́ọ̀ jáde. Ọ̀kan nínú àwọn àga rẹ̀ ṣì ní síárìn ọkọ̀ eré níwájú, ẹni tó bá sì wá kí i ní láti di síárìn mú kó tó lè jókòó dáadáa. Àwọn èèyàn ń rà wọ́n, ó sì ń fi í jẹun.

Ẹnì kan ṣoṣo ni nǹkan wọ̀nyí kò dùn mọ́ nínú, ẹni náà sì ni ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan péré ló bí, obìnrin, àárín àwọn pákó géèmù yìí ló sì dàgbà sí. Orí tábìlì tí àpá iná sìgá àwọn tó ń gbá géèmù wà ló ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé. Nígbà kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé, ọ̀kan nínú wọn wo bẹ́ẹ̀dì tí bàbá rẹ̀ kàn fún un, ó ní, "Èló lo máa ń ki sí i kó o tó sùn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ yẹn kò mú ọ̀rẹ́ wálé mọ́. Nígbà tó lọ sílé ọkọ, ṣọ́ọ̀bù ló ti ra gbogbo ohun èlò ilé rẹ̀, látorí àga dórí ìkọ́ aṣọ. Pákó bàbá rẹ̀ kankan kò wọ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí Bàbá Géèmù bá lọ kí wọn, á jókòó lórí àga tí wọ́n rà, á gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dún nítorí pé ìṣó tó wà níbẹ̀ kò jinlẹ̀, á sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

Àfi lọ́dún yìí tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ pè é. "Bàámi, aṣọ Ọ̀gá Kékeré ti pọ̀ ju àpótí lọ. Ẹ bá mi kan kọ́bọ́ọ̀dù kan." Ọ̀gá Kékeré ni ọmọ ọmọ náà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta tó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Bàbá Géèmù ní kó dúró ná. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá, ó gbé fóònù sí i létí, ó ní kí ọmọ náà tún un sọ.

Ó mú ẹ̀rọ tó dára jù lọ nínú èyí tó kù. Ó fi sáńdípépà ha á títí àpá sìgá ò fi sí níbì kankan lára rẹ̀ mọ́, ó kùn ún ní fáníìṣì, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún kùn ún. Ó ṣe dúrọ́ọ̀ mẹ́ta sí i, ó fi orí rógódó pupa sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rò pé ìgbéraga kì í wọ aṣọ iṣẹ́, kò rí Bàbá Géèmù lọ́sẹ̀ yẹn.

Àmọ́ ohun kan wà nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn tí ẹni tí kò tú wọn rí kò lè mọ̀. Wọ́n ga, ìdí wọn ò sì fẹ̀. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń gbá géèmù kì í dúró jẹ́ẹ́: á fà á, á tì í, á fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi de irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, irin tó wúwo tó ọmọ ọdún méjì, kí ẹ̀rọ náà má bàa dojú dé. Bàbá Géèmù máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kò sí ibi tí òun kò lè sọ di nǹkan mìíràn lára ẹ̀rọ, irin ìdí nìkan ni kì í kúrò láyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó kúrò láyè rẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀ gùn. Ọkọ ọmọ náà àti awakọ̀ tó wá bá wọn kó o gbìyànjú àtigbé e lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

"Bàbá, ṣé òkúta lẹ kó sínú rẹ̀ ni?"

Bàbá Géèmù ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ó tú àwọn bóòtù tí wọ́n fi de irin ìdí, ó yọ irin náà, ó kó àwọn bóòtù sápò, ó ní òun fúnra òun á gbé irin náà tẹ̀ lé wọn, àwọn á dè é padà bí àwọn bá dé òkè. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé rẹ̀ jẹ́ alágídí, bí a bá ṣí i, á tún padà wá dé fúnra rẹ̀. Ó gbé irin sílẹ̀ kó fi há ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè ráàyè gbé ẹrù kọjá. Wọ́n gbé e kọjá. Ayọ̀ ò jẹ́ kó bojú wẹ̀yìn. Ó gun ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Níbẹ̀, wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù sínú yàrá ọmọ. Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Bàámi, ó dára o. Kò tiẹ̀ jọ..." Bàbá rẹ̀ mọ ohun tí kò jọ. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó pe Ọ̀gá Kékeré, ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé orí pupa, ó ní, "Fà á. Fà á dáadáa, má bẹ̀rù." Ọmọ fà á, dúrọ́ọ̀ yọ, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Nínú ariwo àtẹ́wọ́ yẹn, ta ló máa rántí irin?

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, irin ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Géèmù tilẹ̀ yìn ín, pé ilẹ̀kùn tó ti ń yọ òun lẹ́nu látọjọ́ tó ti pẹ́ wá gbọ́ràn. Ó ń gba orí rẹ̀ wọlé, ó ń gba orí rẹ̀ jáde. Lówùúrọ̀ Sátidé, obìnrin aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá yá àlùmọ́gàjí, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá irin náà.

"Bàbá Géèmù, irin yìí máa gé mi lẹ́sẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan. Kí lẹ tilẹ̀ ń fi í ṣe?"

"Irin ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ni," ó dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Òun ni kì í jẹ́ kó..."

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Kì í jẹ́ kó kí ni?" ni aránṣọ béèrè.

Bàbá Géèmù rí kọ́bọ́ọ̀dù náà kedere lọ́kàn rẹ̀ níbi tó dúró sí, gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, láìsí ohunkóhun tó dì í mú nídìí. Ó rí dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fà jáde, tí aṣọ kún inú wọn, tí gbogbo ìwúwo wọn sì bọ́ síwájú. Ó rí ẹsẹ̀ kékeré kan tó gun ti ìsàlẹ̀ kí ọwọ́ lè tó ti òkè. Báyìí ni ọmọdé ṣe ń ṣe, kò sí ẹni tó ń kọ́ wọn. Èyí tí wọ́n sì kọ́ ọmọ yìí, ẹnu òun ló ti gbọ́ ọ: fà á dáadáa, má bẹ̀rù.

Ó mú fóònù. Nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, ìka kan ni yóò fi tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àwáwí fún un, nítorí mi ò rí ọ̀kankan. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá pè, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu òun ni "Gbé ọmọ kúrò nídìí kọ́bọ́ọ̀dù," àti pé lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, pákó òun ò ní wọ ilé yẹn mọ́ láéláé. Ọkọ̀ kan péré ni òun máa wọ̀. Òun á débẹ̀, òun á ní òun kàn wá kí Ọ̀gá Kékeré ni, òun á yọ́ wọ yàrá, òun á de irin, ó parí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó.

Ó sáré wọlé lọ wá bóòtù. Ìyàwó rẹ̀ ti fọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n wà lápò rẹ̀, ó sì ti kó àwọn bóòtù sínú ife lójú fèrèsé. Obìnrin náà wo bí irin ṣe yọ igun lára àpò tó gbé kọ́ èjìká, ó wo bí èjìká náà ṣe tẹ̀.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ kí Ọ̀gá Kékeré."

"Irin lẹ fẹ́ fi kí i?"

Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, ó kàn ń lọ ni.

Nínú ọkọ̀, ó gbé àpò sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ náà ń dúró gba èrò níbi gbogbo, awakọ̀ ń bá èrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń dúró dè é láyé. Obìnrin kan tó jókòó níwájú gbé ọmọ lé itan, ọmọ náà sì ń fa ìdè ẹ̀yìn àga, ó ń fà á, ó ń fi í sílẹ̀, ó tún ń fà á. Bàbá Géèmù kò lè wò ó, kò sì lè gbójú kúrò. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú: ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, bí ohun kan bá ti ṣẹlẹ̀, wọn ì bá ti pè. Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú díẹ̀. Ó wá rò ó síwájú pé bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé ó kù tí yóò ṣẹlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìsinsìnyí tí òun jókòó yìí, tí fóònù wà lápò òun. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí gbogbo ọ̀nà tó ti wá láti ṣọ́ọ̀bù láìlanu. Ojú ara rẹ̀ tì í, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ nọ́ńbà.

Ó dún títí, kò sí ẹni tó gbé e. Ó tún pè. Kò sí ẹni tó gbé e. Ó pe ọkọ ọmọ náà, wọ́n ní fóònù rẹ̀ ti kú. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kí wọ́n má mọ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Bí ọmọ rẹ̀ bá gbé fóònù yẹn, ì bá sọ gbogbo rẹ̀ sétí gbogbo èrò ọkọ̀.

Kò tíì dé ibi tó yẹ kó bọ́ọ́lẹ̀ tó ti sọ̀. Ó gba àárín àwọn ilé kọjá, irin ń gbá a ní ìbàdí, ó gun àtẹ̀gùn náà láìsinmi, ó sì kan ilẹ̀kùn ní àkànṣubú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Ọmọ rẹ̀ ló yọjú, ó fi ìka lé ètè.

"Ọmọ dà?" Kò kí i, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀.

"Ó ń sùn."

Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ ti alààyè tí a sì fi ń sọ ti òkú. "Oorun wo ló ń sùn?"

"Bàámi, oorun ọ̀sán ni o. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, ìdí ẹ̀ tí mo fi pa ohùn fóònù nìyẹn. Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Ó kọjá lára rẹ̀, ó yọjú wo bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá Kékeré nà gbalaja, ó ń mí, ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó dúró ń ka mímí náà títí ó fi dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló lọ sí yàrá ọmọ, ó sì bá kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Wọ́n ti yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Wọ́n ti ti àga méjì àti àpótí ìwé sí i lẹ́yìn kó má bàa mì. Kò sí dúrọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fà.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rí apá rẹ̀ òsì, tó wú láti ìgbọ̀nwọ́ sísàlẹ̀, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú.

"Ìgbà wo ló wó?"

"Ọjọ́ Túsìdeé." Ọmọ náà fẹ́ fi apá pamọ́, àmọ́ ó ti pẹ́. "Ó fà á, ó fà á, ó wá gun ún. Ibí ni mo dúró sí, mò ń ká aṣọ. Mo fi ọwọ́ gbà á. Kò bà á, Bàámi. Kò kàn án rárá."

"O ò sì pè mí."

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Mo mọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní kan pákó mọ́." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí àpò, ó ṣí ẹnu àpò náà, ó rí irin. "Irin kí nìyí?"

"Òun ló ń mú un dúró. Mo gbàgbé ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ìgbà wo lẹ rántí?"

"Àárọ̀ yìí."

Ọmọ rẹ̀ lọ mú fóònù, ó wo àkókò tí ìpè bàbá rẹ̀ wọlé. "Inú ọkọ̀ lẹ ti pè mí yìí. Ẹ rántí láàárọ̀, ẹ kó irin sápò, ẹ dúró de ọkọ̀, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ tó wá pè mí."

"Ojú ló tì mí," ni Bàbá Géèmù wí. "Mo rò pé mo lè dè é kó o tó mọ̀."

"Ká ní ilé ìdáná ni mo wà lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ká ní àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gun ún ńkọ́?" Kò pariwo nítorí ọmọ tó ń sùn, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà sì dun bàbá rẹ̀ ju ariwo lọ. "Ẹ jẹ́ kí n bínú, Bàámi. Ẹ má bẹ̀ mí."

Kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á pe awakọ̀, òun á gbé e padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ rẹ̀ ní rárá, kó de irin mọ́ ọn níwájú òun. Ó sì dúró tì í. Bàbá Géèmù kúnlẹ̀, ó ti irin sáyè rẹ̀, ó de bóòtù kọ̀ọ̀kan, ó tún padà lọ fi sípánà fún wọn títí wọn ò fi lè yí mọ́. Wọ́n yí kọ́bọ́ọ̀dù padà. Ó fa dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pẹ̀lú aṣọ inú wọn, ó sì fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Kò mì. Ọmọ rẹ̀ ní kó bọ́ sẹ́yìn. Òun náà fi ọwọ́ tó dára fa ti òkè, ó rọ̀ mọ́ ọn. Kò mì.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ọ̀gá Kékeré fi jí. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú oorun, ó rí bàbá rẹ̀ àgbà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sáré mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló rí kọ́bọ́ọ̀dù tó ti yíjú sí i. Ó dúró síbi tó wà.

"Ó máa wó," ló wí.

Ìyá ọmọ ló dáhùn, ó ní kò ní wó mọ́, bàbá ti tún un ṣe, kó wá mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá àgbà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wá, ó di ìka bàbá rẹ̀ àgbà mú, ó sì na ọwọ́ kejì sí orí pupa ti ìsàlẹ̀. Bàbá Géèmù tètè fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù di kọ́bọ́ọ̀dù mú lókè.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, Bàámi," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Jẹ́ kí n kàn..."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ọ̀gá Kékeré fà á. Dúrọ́ọ̀ yọ jẹ́ẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn pupa àti àwọn funfun. Kò wò wọ́n. Ó gbé orí sókè, ó ń wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì di ìka bàbá rẹ̀ àgbà mú pinpin.